Iná Pupa Tí Kò Kú

Àǹtí Oníná ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ dáadáa, tí kò sí ìdí kankan tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ pè é ní àǹtí. Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ló ń ṣe. Bí fìtílà iwájú ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò tàn mọ́, bí fèrè ọkọ̀ bá ya odi, bí bátìrì bá sùn tí kò jí láàárọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń ti ọkọ̀ náà lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan tí wọ́n fi páànù bò lọ. Bẹ́ǹṣì onígi kan wà níbẹ̀, wáyà oríṣiríṣi àwọ̀ sì rọ̀ sára ògiri bí irun tí ẹnì kan gbàgbé láti dì.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni bàbá fẹ́ kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni bàbá ń fà létí lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí iná ẹ́ńjìnnì gbé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, tó fò sókè bí ìrẹ̀, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sídìí iṣẹ́ káfíńtà, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Àbúrò obìnrin tó kàn ń bá bàbá di tọ́ọ̀ṣì mú ló wá di ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bàbá kò sọ ọ́ jáde rí pé inú òun dùn sí i. Nígbà tó kú, ẹ̀gbọ́n ló fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún. Tẹ́sítà tó fi ń yẹ iná wò àti àpótí irinṣẹ́ ló fi sílẹ̀ fún àbúrò. Kò sẹ́ni tó jà. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí Àǹtí Oníná bá rí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé yẹn tó ń kọjá, pẹ̀lú ìdọ̀tí tó bo gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ a máa ṣe é bákan.

Ọkọ̀ náà ti gbó. Ó ṣì ń rìn, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́. Gbogbo àwọn gílóòbù kéékèèké tó yẹ kó máa kìlọ̀ fún awakọ̀ ti jó tán lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹni tó ka ikú wọn sí. Ẹ̀gbọ́n a ní, “Ṣé iná ló ń wa ọkọ̀ ni? Èmi ni mò ń wà á.”

Ìyá wọn ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀ràn. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú ìyá náà méjèèjì. Kò lè dá ojú ọmọ mọ̀ mọ́ àfi tí ọmọ bá sọ̀rọ̀. Dókítà kan wà tó máa ń wá sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ní òdìkejì afárá, tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún àwọn àgbàlagbà. Kì í wá lemọ́lemọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá ọjọ́ fún ìyá, ikọ́ dá a wólẹ̀. Ìgbà kejì, wọ́n ti wọ aṣọ tán, wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kò dún pínpín. Bátìrì ti kú, nítorí ẹ̀rọ tó ń fún un lágbára ti dáṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn.

“Gílóòbù kan wà tó yẹ kó sọ fún yín, Bọ̀dá,” ni Àǹtí Oníná wí nígbà tó ń tún un ṣe. “Ó ti jó ni. Ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ gbogbo wọn kí ọjọ́ mìíràn tó pé.”

Ẹ̀gbọ́n gbà. Ó ní òun á gbé ọkọ̀ náà wá tó bá ku ọ̀la. Àmọ́ ẹni tó ń kan àga fún níbi iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè, nítorí náà àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló tó wà á dé, tòun ti ìyá lẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá ti wẹ̀, ó ti lé gèlè lórí, ó gbé àpò aṣọ lé orí itan bí ẹni tó ń lọ sí ìdálẹ̀.

“Ṣé o lè yára ṣe é?” Ẹ̀gbọ́n kò tilẹ̀ tíì sọ̀ kalẹ̀ tán.

“Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá. Màámi, ẹ káàárọ̀.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Má dá ẹ̀gbọ́n rẹ lóhùn. Kò jẹun ni.”

Àǹtí Oníná rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé síwájú ọkọ̀. Ó tú àwọn súkúrù tó di ike dúdú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù mú, ó tú okùn tó ń gbé abẹ́rẹ́ eré ọkọ̀, ó sì fa gbogbo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù náà síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gba ọmọ tuntun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìwé ike tín-ín-rín kan ló bò ó, tí wọ́n tẹ àwọn ìlà kọ́pà sí lára. Ìlà wọ̀nyí ló ń gbé iná dé ìdí gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Ó ti gbẹ. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ jù, á ya. Bí ìlà méjì bá sì fẹnu kan ara wọn, iná tí kò yẹ kó tàn á máa tàn.

Ẹ̀gbọ́n fi fóònù rẹ̀ tànmọ́lẹ̀ sí i. Ó ń mí sí àbúrò lọ́rùn.

“Ṣé ó ti parí?”

“Bọ̀dá, mi ò tíì yọ ọ̀kan.”

Ó fi ìka yí àkọ́kọ́, ó jáde. Gíláàsì rẹ̀ kò tó èékánná ìka kékeré, ó ti dú bí ìdí ìkòkò. Ó fi tuntun sí i. Èkejì jáde. Ẹ̀kẹta fọ́ sínú ihò rẹ̀, Àǹtí Oníná sì ní láti fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ ṣa àfọ́kù rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, kó má baà já sínú ẹ̀rọ. Òógùn bọ́ sí i lójú. Ẹ̀gbọ́n yí ẹsẹ̀ padà, ìmọ́lẹ̀ fóònù náà sì bá a yí.

“Ẹ gbé e síbì kan, Bọ̀dá.”

“Ibì kan náà ni mo gbé e sí.”

“Ẹ̀yin méjèèjì,” ìyá sọ láti ẹ̀yìn, “ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ru kí n tó dọ́hùn-ún.”

Nígbà tí gbogbo gílóòbù wọlé tán, ó dá ojú dáṣíbọ́ọ̀dù padà sáyè rẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo iná náà jí pa pọ̀: pupa, ìyeyè, àwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n pàápàá sọ pé, “Ẹ̀n-ẹ́n!” Ó tó ọdún mélòó kan tó ti rí i kẹ́yìn.

“Ẹ ṣíná fún un wàyí.”

Ẹ́ńjìnnì dún. Iná òróró ẹ́ńjìnnì kú bó ṣe yẹ kó kú. Iná bátìrì kú. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, èyí tó pupa jù, tó rí bí òrùka tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀. Iná bíréèkì ni.

“Mo fa bíréèkì ọwọ́ sókè ni,” ẹ̀gbọ́n wí. Ó tú u sílẹ̀. Iná náà kò kú. Ó fà á, ó tún tú u. Iná náà ń wò wọ́n.

Àǹtí Oníná na ọwọ́ sábẹ́ bíréèkì ọwọ́, ó já wáyà iná rẹ̀ kúrò pátápátá, kó lè mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló ti ń wá. Iná pupa kò mira. Ó wá ku nǹkan méjì. Yálà epo bíréèkì ti lọ sílẹ̀, tàbí ọwọ́ òun ti so ìlà kọ́pà méjì pọ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù.

“Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, Bọ̀dá.”

“Fún kí ni?”

“Kí n wo epo bíréèkì.”

Ẹ̀gbọ́n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. “Wò ó. Ó le gbagidi. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Bíréèkì tí mo fi dé ibí nìyí.”

“Ẹ jẹ́ kí n kàn wò ó.”

“O fẹ́ wo èyí, o fẹ́ wo tọ̀hún! Ilé ìwòsàn ní tí àwọn bá ti ti ẹnu ọ̀nà, àwọn ò gba aláìsàn mọ́. Kí o tó fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí, ṣé iná pupa kankan wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀. Kò kàn rí ẹnu sọ̀rọ̀ ni.”

“Tàbí kó jẹ́ ìwọ lo ṣi wáyà rẹ̀ so.”

Ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tó ti ń dùn ún. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń yí, nígbà tí àfọ́kù gíláàsì kò fẹ́ jáde, ó ti tẹ ike náà ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Ìyá gbé ojú rẹ̀ tí kò ríran sókè. “Ṣé ó léwu ni, ọmọ mi?”

Ká ní ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ì bá sọ̀ kalẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe obìnrin tó ń pa irọ́ nídìí iṣẹ́, kódà irọ́ tó lè ṣeni lóore.

“Mi ò mọ̀, Màámi.”

“Ẹ gbọ́ ọ, kò mọ̀!” ni ẹ̀gbọ́n wí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ.

Àǹtí Oníná dúró níbẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ kó sínú àpótí. Inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tó ń bí i sí gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú súkúrù kan tó ṣubú, ni ó rí ojú ilẹ̀ tó tutù níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Kò tóbi. Ó fi ìka kàn án, ó fi ìka náà ra àtàǹpàkò. Kì í ṣe omi, nítorí ó ń yọ̀. Kì í ṣe òróró ẹ́ńjìnnì, nítorí kò dú. Ó gbé e sí imú.

Epo bíréèkì ni.

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó pe ẹ̀gbọ́n. Fóònù ẹ̀gbọ́n dún lẹ́yìn rẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì, láàárín àwọn gílóòbù tó ti jó. Ibẹ̀ ló gbé e sí nígbà tó fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀nà ilé ìwòsàn, òkè ni. Èèyàn á kọ́kọ́ yí ìlú ká lójú títì, kó tó dé orí òkè náà. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà á kàn máa já wálẹ̀ ni, ó gùn, ó dagẹ̀rẹ̀, títí dé ẹsẹ̀ afárá tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń tò síra wọn.

Ó sáré sọ́dọ̀ fọ́kanáísà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni tó ń lẹ táyà lọ́wọ́.

“Alùpùpù yín! Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀!”

“Ṣé kò sí?”

“Màámi ni! Bíréèkì ọkọ̀ wọn ń jò!”

Ọkùnrin náà kò bèèrè nǹkan mìíràn. Ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sí i.

Kò gba ojú títì. Ó gba àárín ilé, ọ̀nà tóóró tí àwọn èèyàn ń sá aṣọ sí. Aṣọ tútù gbá a lójú, ajá kan sá tẹ̀ lé e, obìnrin kan fi gbogbo ẹnu bú u. Ó ń tọrọ àforíjì láìdúró. Ohun kan ṣoṣo tó ń yí lọ́kàn rẹ̀ ni bí bíréèkì náà ṣe le lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Ó máa le lóòótọ́ nígbà tí epo díẹ̀ bá ṣì kù. Á máa le títí á fi dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ jù.

Nígbà tó yọ sórí òkè, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó tẹ fèrè. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ó rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n tó yọ lójú fèrèsé, tó ń jù ú pé kó máa lọ. Ó rò pé ìjà ló tún bá òun wá. Lẹ́yìn náà, àwọn iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tàn. Àǹtí Oníná ló fi gílóòbù sí wọn, ó mọ ìmọ́lẹ̀ wọn. Wọ́n tàn rekete. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò dẹ eré. Wọ́n kú, wọ́n tún tàn, wọ́n kú, wọ́n tàn. Ẹ̀gbọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

“Ye! Màámi ò!”

Kò mọ ìgbà tó fún alùpùpù náà níná. Ó bá wọn. Ó sún mọ́ fèrèsé débi pé apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn. Ojú ẹ̀gbọ́n ti yọ síta.

“Kò mú! Kò mú mọ́!”

“Jíà! Ẹ fà á sí jíà kejì!”

“Kí ni?”

“Jíà, Bọ̀dá! Jíà!”

Ẹ̀gbọ́n fà á. Ẹ́ńjìnnì ké bí ẹranko. Ọkọ̀ náà fà sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ṣì ń tì í.

“Bíréèkì ọwọ́! Ẹ rọra fà á! Ẹ má fà á lójijì o, á yí!”

Wọ́n ti ń rí afárá. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti tò síbẹ̀ bí ògiri, àwọn èèyàn sì ń kọjá láàárín wọn. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù wà lápá ọ̀tún, yanrìn tí wọ́n kó jọ sì ga bí ilé. Àǹtí Oníná nawọ́ sí i.

“Yanrìn! Ẹ kọrí sínú yanrìn!”

Ó yọ síwájú wọn, ó ń tẹ fèrè, ó ń pariwo kí àwọn abúlọ́ọ̀kù sá. Wọ́n fọ́n ká, tàwọn ti ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ọkọ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀ bí afẹ́fẹ́, ó fò kúrò lójú títì, ó sì rì wọ inú yanrìn náà títí dé gíláàsì iwájú. Ó wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Alùpùpù bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Oníná. Ó sáré. Ó fi gbogbo ara fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyá wà nílẹ̀ láàárín àga iwájú àti tẹ̀yìn, gèlè ti bọ́, àpò aṣọ wà láyà rẹ̀.

“Màámi! Màámi!”

“Ṣé a ti dé ni?” ìyá bèèrè.

Ọ̀kan nínú àwọn abúlọ́ọ̀kù bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Àǹtí Oníná kò lè rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn, ó sunkún. Ọwọ́ ìyá bó díẹ̀, ó sì ń wú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n ṣì di sítíárìn mú níwájú. Ọkùnrin méjì ló bá a já ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ìyá ló kọ́kọ́ rántí. “Dókítà ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí n pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i?”

Awakọ̀ kan tó wá já yanrìn níbẹ̀ ló gbé ìyá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́kọ́ ní àwọn ti tì í. Ó wá wo ìyá àgbàlagbà náà tí yanrìn kún irun rẹ̀, ó sì ṣí i. Wọ́n wọn ìfúnpá ìyá. Dókítà wò ó, ó mi orí.

“Ìyá, ẹ̀jẹ̀ yín ń sáré ju ọkọ̀ lọ. Mi ò lè fọwọ́ kan ojú yín lónìí.”

“Ọkọ̀ wa náà sáré o, dókítà,” ìyá dáhùn.

Dókítà ní kí wọ́n fún un ní bẹ́ẹ̀dì, kó sinmi. Bí ara rẹ̀ bá wálẹ̀, òun á ṣe é lọ́la kí òun tó padà.

Ẹ̀gbọ́n kò yọjú títí di ìrọ̀lẹ́. Mẹkáníìkì ti tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó sì bá rọ́bà inú rẹ̀ tó ti jẹrà, tí epo ń gba ibẹ̀ jáde láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ gbogbo èyí fún àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà lójú ọ̀nà yàrá ìyá. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó wà níwájú adájọ́.

“Mo rò pé o kàn fẹ́ fi hàn mí ni,” ó wá sọ. “Pé ìwọ lo mọ ọkọ̀ Bàbá jù mí lọ.”

Àǹtí Oníná rò ó wò. “Ìyẹn náà wà níbẹ̀ díẹ̀, Bọ̀dá.”

Ẹ̀gbọ́n yíjú wò ó. Kò retí ìdáhùn yẹn.

“Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó ń jò,” ó ń bá a lọ. “Ẹ̀rù bà mí pé ọwọ́ mi ló ba dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi dì mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn kí n má jẹ́ kẹ́ ẹ lọ.”

“Ká ní o dì mọ́ ọn, ọkọ̀ náà ì bá wọ́ ọ lọ ni.” Ó nu ojú rẹ̀ nù. “Orí kunkun mi yìí. Má bínú, àbúrò mi.”

Ẹ̀gbọ́n kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ rí láti kékeré. Àǹtí Oníná bi í bóyá ó ti jẹun.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́jọ́ kejì, ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n fi aṣọ dì í títí ilẹ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e fi mọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí nọ́ọ̀sì ń tú aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. Ìyá ṣẹ́jú. Omi bọ́ lójú náà. Ó wo fèrèsé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó wú, ó yí i síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ojú sókè wo ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó wò ó pẹ́, débi pé ẹ̀rù tún bẹ̀rẹ̀ sí í ba Àǹtí Oníná.

“Màámi, ṣé ẹ rí mi?”

“Mo rí ọ,” ìyá wí. “Ṣé pẹ̀lú òróró dúdú yìí létí ni o ṣe ń jáde síta láti ọjọ́ yìí, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún ọ? Sún mọ́bí jàre.”

Ó fi itọ́ ra etí aṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu etí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọmọ kékeré, kò janpata. Ẹ̀gbọ́n ti ń fọgbọ́n fi ọwọ́ nu etí tirẹ̀ náà.